Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Iye Ènìyàn, Ọ̀nà Àtijẹ àti Àwọn Ẹ̀yà Tó Ń Gbé Ibẹ̀

Àlọ àti àbọ̀ ọmọ ènìyàn ló sọ ìlú méjèèjì yìí di ńlá. Ogun kó èrò wọlé, òwò kó èrò jáde, ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì tún ń kó wọn wọlé lóde òní. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìṣirò wọn lákàyé, kó fi èyí sọ́kàn.

Ìpìlẹ̀

Láàrin 1830 sí 1840, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àtijọ́, tú, Aláàfin Àtìbà gbé ìjọba wá sí Àgọ́-Ọ̀jà, òun ni Ọ̀yọ́ tòní. Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìtàn ní Ṣọ̀ún Ògúnlọlá ló tẹ̀ ẹ́ dó, ti wà ṣáájú ìgbà náà. Ogun Fúlàní kò rí i kó, ni àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn bá ń rọ́ wọ inú odi rẹ̀. Títí dòní, ọ̀pọ̀ agbo ilé níbẹ̀ ló ṣì ń ki oríkì ìlú tí baba ńlá wọn ti wá.

Iye ènìyàn

- 1952: Ògbómọ̀ṣọ́, 139,535, Ọ̀yọ́, 72,133.
- 1963: Ògbómọ̀ṣọ́, 319,881, Ọ̀yọ́, 112,349.
- 2006: Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ súnmọ́ 200,000, ti Gúúsù lé díẹ̀ ní 100,000. Ní Ọ̀yọ́, ìjọba ìbílẹ̀ Àtìbà tó nǹkan bíi 170,000, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ bíi 120,000, Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́ bíi 136,000.

Ní 1952, Ìbàdàn àti Èkó nìkan ló ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó ju Kánò pàápàá lọ. Iye ti 1963 ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Ó ṣòro kí ìlú ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọdún mọ́kànlá lásán, àríyànjiyàn lórí ìkànìyàn ọdún náà sì kárí orílẹ̀-èdè. Ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tó wà nínú Ògbómọ̀ṣọ́ kò tó iye 1963 yẹn. Ní ti Ọ̀yọ́, àwọn abúlé tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú iye 2006. Wọn kò tíì ka ènìyàn látìgbà náà. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù karùn-ún 2023, wọ́n sún un síwájú.

Ọ̀nà àtijẹ

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2019 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bíi mẹ́wàá ni owó ìnáwó wọn kò tó ìwọ̀n òṣì, nígbà tó jẹ́ ogójì ní gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo omi, ìlera, ilé-ẹ̀kọ́ àti ohun ìdáná ní 2022, ó di bíi mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ ló ń rí oúnjẹ òòjọ́, tí omi tó mọ́ àti ìtọ́jú tó péye kò sì kàn wọ́n.

Láti 2025, ₦80,000 ni owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nílùú méjèèjì, àwọn kò sì gba owó oṣù. Ní Ọ̀yọ́, iṣẹ́ awọ, ìlù gbígbẹ́, aṣọ òfì àti igbá fínfín ṣì ń bọ́ ilé. Onífínfín á gbé igbá lé itan, á fi ọ̀bẹ kékeré fá èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí funfun abẹ́ rẹ̀ á fi yọ ní ọnà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gẹ́, iṣu àti kajú ni ti àgbẹ̀.

Láti 1990 tí yunifásítì LAUTECH ti bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ti di ọjà fún onílé, olóúnjẹ àti ọlọ́kadà ní àdúgbò Under-G àti Adénìkẹ́. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti ilé-ìwé náà pa ní 2016, ọjà wọn kú.

Ẹ̀yà

Yorùbá ló pọ̀ jù. Haúsá ń gbé àdúgbò Sábó nílùú méjèèjì, Fúlàní ń da màlúù lẹ́yìn odi, àwọn Ìgbò sì ń ṣòwò. Ìkànìyàn 2006 kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀.

Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà di àlejò níbòmíràn: Jọ́ọ̀sì, Kánò, àríwá Gánà. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló padà délé pẹ̀lú ìdílé wọn, tí wọ́n tún ayé bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ìyà yẹn yóò mọ ìdí tó fi yẹ ká tọ́jú àlejò Sábó dáadáa.

Ohun tó kù ká ṣe

Iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀ fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá dé láti kà wá, kí gbogbo ilé jáde, onílé àti àlejò, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Ẹni tí wọn kò bá kà, kò sẹ́ni tí yóò gbẹ́ kànga tirẹ̀.