RÍRO KÌ Í ṢE ṢÍṢE

Ta ni nínú wa tí èrò burúkú kò yọjú sí lọ́kàn rí? Ìyá ọmọ mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, èrò kan sì dé lójijì pé ó lè fi í pa ọmọ rẹ̀ lára. Ìyá kan yóò mi orí, yóò sì máa gé ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbà pé ẹni tí ó ro ibi ti di ẹni ibi, yóò kó gbogbo ọ̀bẹ ilé pamọ́, ẹ̀rù yóò sì máa bà á láti dá wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Báyìí ni àìsàn àròtúnrò àti àṣetúnṣe ṣe ń mú ènìyàn.

Ní ọdún 1978, Rachman àti de Silva fi hàn pé irú èrò tí ń da aláìsàn láàmú ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá. Ní 1985, Salkovskis ṣàlàyé pé ìtumọ̀ tí ènìyàn fún èrò rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ẹrù.

John Bunyan, ẹni tí ó kọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ tí ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ dáadáa, sọ irú ìyà yìí nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1666. Fún ọdún kan gbáko ni èrò kan ń sọ fún un pé kí ó ta Kristi. A máa fi ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ ti èrò náà sẹ́yìn, bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Síbẹ̀ kò lọ.

Kò lè lọ! Ní 1987, Wegner ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ro béárì funfun, béárì náà kò sì yéé padà wá. Ẹni tí ń fọ ọwọ́ ní ìgbà ogún, tàbí tí ń padà yẹ ìlẹ̀kùn wò léraléra, ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ara rẹ̀ ni pé èrò náà léwu lóòótọ́. Nítorí náà ni Victor Meyer ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1966, ṣe kọ́ àwọn aláìsàn láti dojú kọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù láìfọwọ́, ara sì tù wọ́n.

Ẹ má ṣe na ọmọ tí ń pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ tí ó sì ń tún un kọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ má ṣe pe ìyá tí ó jẹ́wọ́ èrò rẹ̀ ní àjẹ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn bíi ti Arò ní Abẹ́òkúta. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: ríro ni ti ènìyàn, ṣíṣe ni ti Olúwa.