Òfin Àyíká ní Ọjà Mile 12: Ohun Tí Oníṣòwò Gbọ́dọ̀ Ṣe Kí Wọ́n Má Baà Ti Ọjà Pa

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ọjà Mile 12 pa, wọ́n sì ti ọjà Owódé Onírin náà pa pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọjà méjèèjì kò yàtọ̀ síra: dída ìdọ̀tí síbi tí kò yẹ àti àìsan owó ìkólẹ̀. Ìjìyà kan náà ni, ṣùgbọ́n kò lè dun ọjà méjèèjì bákan náà. Irin kì í jẹrà. Ẹni tó ti irin mọ́ ṣọ́ọ̀bù yóò bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí ọjà. Tòmátì ńkọ́? Èyí tó ti lo ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà láti òkè Ọya, tó sì ti fún pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, kò lè dúró de ìgbà tí àwọn olórí ọjà àti ìjọba yóò parí ìpàdé.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò, fi sọ́kàn nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ọjà oúnjẹ pa, ẹni tó pa òfin mọ́ àti ẹni tó rú u ni wọ́n jọ ń pàdánù. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí òfin ń bèèrè lọ́wọ́ wa, kí oníkálukú lè ṣe tirẹ̀, kó sì lè bá aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́.

Òfin wo là ń sọ?

Ní ọdún 2017 ni ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ìṣàkóso àti ìdáàbòbò àyíká. Nínú àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, LAWMA ló ń mójú tó ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ èéfín, ariwo àti omi ẹlẹ́gbin wà lọ́wọ́ LASEPA. Àwọn ẹ̀ṣọ́ LAGESC, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní KAI, ló ń mú arúfin.

Ìkíní: Ìdọ̀tí ọjà rẹ, tìrẹ ni

Ata tó jẹrà, ewé, èèpo àti àpò tó ya, tìrẹ ni títí ẹni tí ìjọba fún láṣẹ yóò fi wá gbé e. Gbé ike ìdalẹ̀nù tó ní ọmọrí sí ìsọ̀ rẹ. Bí agbára bá gbé e, jẹ́ kó jẹ́ méjì: ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, èkejì fún ọ̀rá, ike àti àpò.

Ìyàsọ́tọ̀ yìí ní ìdí. Bí ata jíjẹrà bá ti pò mọ́ ọ̀rá, ààtàn nìkan ló kù tí wọ́n lè gbé e lọ. Bí ohun jíjẹrà bá sì wà lábẹ́ òkìtì níbi tí atẹ́gùn kò dé, ó ń tú gáàsì mẹ́tẹ́nì jáde, gáàsì tó ń dá kún ooru ayé, tó sì lè gbiná. Ààtàn Olúṣòsùn ní Ojota, tí kò jìnnà sí Mile 12, jóná ní oṣù kẹta ọdún 2018, èéfín rẹ̀ sì da àdúgbò láàmú. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ohun jíjẹrà sọ́tọ̀, ó wúlò. Ní ọdún 2013, LAWMA gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ ní ọjà èso Ìkòsì, ní Kosọ́fẹ́ wa níbí, láti fi èso jíjẹrà ṣe gáàsì tí yóò máa gbé jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́. Ó tún ṣeé sọ di ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀.

Ìkejì: Gba rìsíìtì, má sì sọ ọ́ nù

Àwọn PSP ni ìjọba yàn láti máa kó ilẹ̀. Mọ èyí tó ni agbègbè ìsọ̀ rẹ. Bí ẹgbẹ́ ọjà ló ń gba owó náà jọ, bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ wọn, kí o sì bèèrè bóyá owó náà dé ibi tó yẹ kó dé. Má ṣe gbé ìdọ̀tí fún ọlọ́mọlanke nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ẹni tó gba 200 náírà lọ́wọ́ rẹ lè da ẹrù náà sí gọ́tà ẹ̀yìn ọjà. Bí òjò bá rọ̀, yóò padà wá bá ọ.

Ìkẹta: Gọ́tà kì í ṣe ìsọ̀

Má ṣe pàtẹ lórí gọ́tà tàbí lẹ́bàá títì márosẹ̀ Ìkòròdú. Ilẹ̀ agbègbè wa rẹlẹ̀, Odò Ògùn sì wà nítòsí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, omi lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Ìdọ̀tí kọ́ ló tú omi náà sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n gọ́tà tó dí kì í jẹ́ kí omi tètè lọ.

Ìkẹrin: Ọ̀rá àti ike funfun

Ní oṣù kìíní ọdún 2024 kan náà, kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di oúnjẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni òfin náà ti kan ife ike, ṣíbí ike àti sítírọ́ọ̀ tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan dànù, àti ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n, nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ń tà á ni kí o ti bèèrè kí o tó ra odidi páálí. Èyí tó sàn jù ni kí oníbàárà máa mú àpò tirẹ̀ wá. Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n nǹkan kò tíì tán.

Ìkarùn-ún: Ẹ̀rọ àti iná

Ẹni tó ń lọ ata, má ṣe da omi ẹ̀rọ sí ojú ọ̀nà. Má ṣe dáná sun ìdọ̀tí, má sì gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń tú èéfín dúdú sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò.

Ìjọba náà ní tirẹ̀

A kò ní gbé gbogbo ẹrù lé oníṣòwò lórí. Bí a bá sanwó tí ọkọ̀ ìkólẹ̀ kò dé, kí ni ká ṣe? Kí ẹgbẹ́ ọjà ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ wá àti ọjọ́ tí kò wá sí, kí wọ́n sì kọ̀wé sí LAWMA. Ìwé yẹn àti rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ti ọjà.

Fún àwa Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ LAWMA. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí mímú un kúrò bá jẹ́ ẹ̀san, kí ni ti ẹni tó gbé e síbẹ̀?

Kí o tó palẹ̀ ọjà mọ́ lónìí, wo iwájú ìsọ̀ rẹ, kí o sì wo ti aládùúgbò rẹ. Bí tirẹ̀ kò bá dára, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́. Kí Ọlọ́hun bùkún òwò wa.