Sáfà Mẹ́rin Nínú Àpótí Kan ní Parakou

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, kò jìnnà sí ọjà Arzéké, ṣùgbọ́n sáfà mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń tọ́jú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó wà níwájú wa. Èkejì ń ṣírò ọjà fún ilé ìtajà oògùn. Ẹ̀kẹta ń kó ẹ̀dà ìpamọ́ àwọn méjèèjì jọ, ẹ̀kẹrin sì wà fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láti bà jẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Kò sí èyí tí mo ń fi máòsì darí nínú wọn. Àṣẹ tí mo bá tẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í lo ìdajì agbára rẹ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ọgbọ́n pípín in. Ẹ wò ó bí ilé tí ayálégbé mẹ́rin ń gbé: oníkálukú ló ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, bí ọ̀kan bá da yàrá rẹ̀ rú, ti ẹnì kejì á ṣì wà létòlétò. IBM ti ń ṣe irú pípín yìí lórí kọ̀ǹpútà ńlá láti àwọn ọdún 1960. Èyí tí mo ń lò ni KVM, tó wọ inú Linux ní oṣù Kejì ọdún 2007. Ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn ọmọ náà máa ń bi mí pé, “Tàǹtí, kí ló dé tí ẹ ò lo èyí tó ní àwòrán, tí èèyàn á kàn máa tẹ bọ́tìnnì?” Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ tó 1920 sí 1080 lé ní mẹ́gábáìtì 6 kí wọ́n tó fún un kéré. Tẹ́mínà (ojú tí a ń tẹ àṣẹ sí) onílà 24, tí ìlà kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà 80, kò lè ju lẹ́tà 1,920 lọ. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra mẹ́gà sórí fóònù kò ní kí n tún ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

SSH ni mo ń gbà wọlé. Tatu Ylönen ló kọ ọ́ ní 1995, ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Helsinki ní Finland, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti yọ́ jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àwọn èèyàn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀. Ohun gbogbo tí a bá tẹ̀ nínú SSH ni ó ń bò lójú ọ̀nà, tí ajíwòran kò fi lè rí i kà. Òun ló jẹ́ kí n lè wà lẹ́nu ìrìn àjò kí n sì máa ṣiṣẹ́. Nígbà kan tí mò ń bọ̀ láti Kùtọ́nù, ọ̀nà tó lé ní 400 kìlómítà, a ti kọjá Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí olóògùn pè mí pé ìṣirò òun kò dáhùn mọ́. Mo ṣí Termux, tẹ́mínà orí fóònù mi, mo wọlé, mo sì lo virsh, àṣẹ tí a fi ń darí àwọn sáfà inú KVM:

virsh list --all

Mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, èyí tí mo pè ní “isiro” ti kú. Mo tẹ “virsh start isiro”. Kí bọ́ọ̀sì wa tó dé Tchaourou, wọ́n ti padà sẹ́nu ọjà títà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já lójú ọ̀nà yẹn, ó sì máa ń já nínú ìlú pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí a kò bá parí lè bàjẹ́ sí àárín. Nítorí náà, mi ò jẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gígùn láìkọ́kọ́ ṣí tmux. Orí sáfà gan-an ni tmux ń di iṣẹ́ mú sí: bí ìlà bá já, iṣẹ́ ń lọ, bí mo bá sì padà tí mo tẹ “tmux attach”, ojú ibi tí mo fi í sí ni màá bá a. Àwọn tó ń sọ pé tẹ́mínà ti di ohun àtijọ́, ìlà tí kì í já ni wọ́n ń gbé lé. Ní ti iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, “virsh autostart isiro” ń mú kí sáfà náà dìde fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí àpótí bá tún tàn.

Àṣẹ kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ: “virsh destroy”. Kì í pa nǹkan kan rẹ́. Ó kàn ń pa sáfà lójijì ni, bí ìgbà tí a bá fa wáyà iná rẹ̀ yọ. Dísìkì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. “virsh shutdown” ló ń rọra pa á, òun ló sì yẹ ká kọ́kọ́ lò. Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù ni “undefine” tí a bá fi “--remove-all-storage” kún, nítorí ìyẹn ń pa dísìkì náà rẹ́. Kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kan sáfà tí mo pè ní “adanwo”, ó gbọ́dọ̀ tẹ “virsh snapshot-create-as adanwo owuro”. Bó bá ti bà á jẹ́ tán, “virsh snapshot-revert adanwo owuro” á dá a padà sí bó ṣe wà láàárọ̀.

Kíbọ́ọ̀dù wa tún ní wàhálà tirẹ̀. Ti Faransé ni wọ́n ń tà ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ sáfà sì máa ń rò pé ti Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá jókòó ti sáfà náà fúnra rẹ̀, tí ẹ tẹ “a”, “q” ló máa jáde, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó tọ̀nà á sì di èyí tí kò tọ̀nà. “loadkeys fr” ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá gba inú SSH wọlé, ètò kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tiyín ló ń ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yá sáfà ní Faransé tàbí Jámánì, mi ò sì bá wọn jà; àṣẹ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti wọlé. Àmọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun lẹ́bàá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. ACE àti SAT-3 wà lára àwọn tó ń gúnlẹ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri. Ilé ẹ̀kọ́ iwájú wa, tí wáyà so mọ́ àpótí mi, ń kọ máàkì àwọn ọmọ lọ ní tiwọn. Ó wù mí kí irú àpótí bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní Parakou, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó gbọ́n tó láti tọ́jú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ní mẹ́mọ́rì gígábáìtì 8 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Debian, irú Linux kan, sí i, kí ẹ sì tẹ:

grep -E 'vmx|svm' /proc/cpuinfo

Bí ọ̀rọ̀ bá jáde, ẹ̀rọ yín lè pín ara rẹ̀: “vmx” ni ti Intel, “svm” ni ti AMD. Bí nǹkan kan ò bá jáde, ẹ wọ inú BIOS lọ wò ó kí ẹ tó sọ pé kò lè ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù ni wọ́n pa á níbẹ̀.