Ṣé O Mọ̀? Oríta Ìgólò àti Àyíká Rẹ̀

Ìgólò, ìlú ibodè tó wà lábẹ́ Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni, ni ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọ̀nà Sakété àti ọ̀nà Ìdìrókò ti pàdé. Èrò tó ń gba ibẹ̀ kò lóǹkà, àmọ́ àwọn tó ń yẹ ọ̀nà náà wò kò pọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan, awakọ̀ tó bá gba Ìgólò wọ Nàìjíríà ní láti kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún títì bọ́ sí ọwọ́ òsì? Ọ̀tún ni àwọn Faransé fi lélẹ̀ ní Dahomey, bí Benin ṣe ń jẹ́ nígbà náà, òsì ni Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní tiwọn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà tó bọ́ sí ọ̀tún.

Ṣé o mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀, ló kọ́ ọ, iṣẹ́ ọnà Bahia ni wọ́n sì fi ṣe é. Tí o bá wá doríkọ Nàìjíríà, tí o gba títì Ìdìrókò dé Ọ̀tà, Faith Tabernacle ni wàá bá, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣí ní 1999, tó ń gba èèyàn tó ju 50,000 lọ lórí ìjókòó.

Ṣé o mọ̀ pé ní Pọ́bẹ̀, lọ́nà àríwá, àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí nípa igi ọ̀pẹ láti 1922?

Ṣé o mọ̀ pé ẹnubodè Kétu kò bá ìlú rẹ̀ parun? Ọmọ ogun ọba Dahomey kó Kétu ní 1886, wọ́n sọ ọ́ dahoro. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè alámọ̀ tí ìlú fi ń sé ọ̀tá mọ́ta, ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ṣé o mọ̀ pé Párís ni wọ́n ti pín ilẹ̀ àyíká Ìgólò yìí? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé níbẹ̀. Ìfọ̀nyìn bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2001, ní Párís kan náà, UNESCO kéde eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín, orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi pè é lórí ìwé.