Òrí ṣíṣe: Ẹ ṣírò owó kóró kí ẹ tó dá iye lé ọjà

Ní Ṣakí, Kìṣí, Ìgbòho àtàwọn ìlú mìíràn l'Ókè-Ògùn, ọ̀dọ̀ ìyá lọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ òrí ṣíṣe. Iṣẹ́ náà lówó nínú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ni kì í ṣírò. Wọ́n á tà á tán, wọn ò sì ní í rí èrè.

Ìgbà òjò ni èso òrí máa ń já bọ́. Àwọn obìnrin á ṣà á, wọ́n á bọ kóró rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á sì pa á. Èyí tí wọ́n bá kó jáde nínú èèpo ni wọ́n á gún, tí wọ́n á yan, tí wọ́n á sì gbé lọ sílé ẹ̀rọ fún lílọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni wàhálà tó kù. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á máa fọwọ́ pò ó, wọ́n á máa lù ú, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Wọ́n á bù ú, wọ́n á fomi tó mọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì jẹ́ kó dì.

Ibi tí ìṣirò wà rèé o: kílò 3 sí 4 kóró gbígbẹ ló sábà máa ń di kílò 1 òrí. Ká ní kílò kóró kan jẹ́ náírà 800, owó kóró nìkan nínú kílò òrí kan ti di náírà 2,400 sí 3,200. Igi ìdáná, omi, ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ àti agbára ẹni kò tíì sí níbẹ̀.

Òfò tún máa ń gba ibòmíràn wọlé. Kóró tó ti hù tàbí tó ti bu máa ń jẹ́ kí òrí tètè rùn. Bí wọ́n bá yan án jù, á jóná. Bí omi bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, kò ní í pẹ́ bàjẹ́. Oníbàárà tó ń fi òrí ṣe ìpara á sì dá a padà.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè máa ṣe é di òrí nílé. Ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní irú ètò bẹ́ẹ̀, kó ṣa kóró rẹ̀ dáadáa, kó sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sí. Ọjà tí a kò ṣírò, àfi kéèyàn máa fi gbowó ọkọ̀.