Bí Ọ̀nà Bá Dí, Ǹjẹ́ Obbo-Ilé Lè Bọ́ Ìdílé Kan?

Ní ọ̀pọ̀ ilé, nígbà tí a bá jẹun alẹ́ tán tí a sì ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà, ẹnìkan a máa wí pé, "Ẹ jẹ́ kí a padà sílé lọ dáko." Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà ni àwa fi mú Obbo-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àti àwọn ìlú tí ó yí i ká títí dé Osi àti Iloffa, kí a fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ọ̀nà ọjà bá dí, ǹjẹ́ ìdílé kan lè gbé ibẹ̀ kí ó sì bọ́ ara rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlá lásán ni ọ̀nà dídí. Nígbà ogun Kiriji, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etí òkun mọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Nígbà ogun Hitler, Kápítéènì Pullen ni ìjọba fi ṣe alákòóso iye owó oúnjẹ ní Èkó. Gáàrì di ohun àwátì, Madam Alimotu Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà sì dìde láti kọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹta 1920 òun ọgọ́rùn-ún ọdún, èyíinì ni 2020, a sé àwọn ará Èkó àti Àbújá mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí a ń pààrọ̀ owó, ẹni tí ó ní owó ní báńkì kò rí èyí tí yóò fi ra iṣu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn ni agbègbè yìí, nítorí náà ó ń mú ohun méjèèjì jáde: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀wà àti ọkà bàbà, ọ̀pẹ fún epo, irúgbá fún irú. Kòkó àti kajú ń so pẹ̀lú, wọ́n sì ń mú owó wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù kò bá dé, a kò lè fi kòkó se ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ gbin kajú ti so ìkòkò rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ìgbà tí ebi ń pa àgbẹ̀ kì í ṣe ìgbà ọyẹ́, bí ará ìlú ńlá ti lè rò. Nígbà ọyẹ́, iṣu wà lọ́gbà. Ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí iṣu ògbólógbòó ń tán tí àgbàdo kò sì tíì gbó, ni ọ̀wọ́n ń dé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn 6 bá wà nílé, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń jẹ ààbọ̀ kílógíráàmù èlùbọ́, gáàrì tàbí àgbàdo lóòjọ́, kílógíráàmù 3 ni ilé náà yóò jẹ lójúmọ́. Fún ọjọ́ 90, ó di 270, èyí tí ó ju àpò oníkílógíráàmù 50 márùn-ún lọ, láìka ẹ̀wà. Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ àká inú ilẹ̀, nítorí ó lè gbó tán kí ó sì dúró de olówó rẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n èbù iṣu ni kí a má ṣe fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó jẹ èbù ti jẹ oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀.

Kí a gbẹ ẹ̀wà dáadáa, kí a sì dì í pinpin kí kòkòrò má bàa rí afẹ́fẹ́ mí. Kí a bo gbogbo ohun jíjẹ mọ́lẹ̀, nítorí eku ni ó ń gbé ibà Lassa kiri. Kí a sì ṣán igbó yí abà ká kí iná ọyẹ́ tó dé.

Omi ni ìkejì. Odò kékeré a máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ omi a sì máa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òrùlé páànù tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 5, lè gba lítà 1,000 nígbà tí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 20. Ìdílé ènìyàn 6 tí ń lo lítà 30 lóòjọ́ fún mímu àti sísè nìkan yóò nílò lítà 3,600 fún oṣù mẹ́rin ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí kò ju agbára tọkọtaya tí ó bá ń ra àgbá díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí ilẹ̀ náà kò lè mú jáde: iyọ̀, ìṣáná, àdá, oògùn ibà. Kí ẹni tí ń lọ rà wọ́n pamọ́ ṣáájú.

Èyí tí ó wúwo jù ni ààbò. Nígbà ogun àtijọ́, òkè, igbó àti ihò àpáta ni ààbò àwọn baba wa ní agbègbè yìí. Igbó tí ó fi wọ́n pamọ́ náà ni ó ń fi àwọn ajínigbé pamọ́ nísinsin yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2024, a pa Olukoro ti Koro, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, nínú ààfin rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìsìn ní Eruku nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbàdúrà. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó 38 lọ, kí a tó gbọ́ ní ọjọ́ 23 pé a ti tú wọn sílẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti kan náà ni Koro àti Eruku wà pẹ̀lú Obbo-Ilé. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ń bẹ̀rù oko, kí ni àǹfààní ilẹ̀ ọlọ́ràá?

Nítorí náà, ìdájọ́ wa nìyí. Obbo-Ilé yẹ fún ẹni tí ń wá ará, kò yẹ fún ẹni tí ń sá fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé àdáwà sínú oko, tí ó kó àpò oúnjẹ jọ tí ó sì ti ilẹ̀kùn, ìkógun ni ó ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé àárín ìlú, tí ó wà nínú àáró, tí ń bá ẹgbẹ́ lọ sóko tí ó sì ń bá wọn bọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣọ́ ìlú mọ ojú rẹ̀, onítọ̀hún ní ohun tí owó kò lè rà. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Kí ẹni tí ó bá ń gbèrò àtipadà kọ́kọ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì: kí ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wo omi, kí ó sì lọ nígbà ọ̀wọ́n láti wo àká. Kí ó bi àwọn àgbà ìdílé léèrè nípa ilẹ̀, kí ó sì bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń tọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó ta èbù àkọ́kọ́. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n a ní láti bá àwọn tí ó wà nílé ṣọ́ ọ, kí ó tó lè jẹ́ ibi ìsinmi.