Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé àìsàn ni oríkèé tó rọ̀ jù?

Ọmọ tó lè tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ títí yóò fi kan apá kì í ṣe aláìsàn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1994, nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Igbó-Ọrà tí wọ́n yẹ̀ wò ni oríkèé wọn rọ̀ jù. Ohun tó wọ́pọ̀ tó yìí kò ṣeé pè ní àrùn. Kí la wá fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù? Ìrora ló pààlà. Bí orúnkún bá ń dunni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí èjìká ń yẹ̀ léraléra, kí ará Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ gba ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì lọ. Fífa oríkèé tó ń dunni kò wò ó sàn (ó tilẹ̀ lè bà á jẹ́ sí i). Eré ìmárale tó ń mú iṣan lágbára ni ìtọ́jú rẹ̀.